Ẹsẹ̀ Wo Ló Fi Sáré?

Ọmọlójú mi ọ̀wọ́n,

Lórí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún, àti máàkì kan tí ó ṣẹ́ kù

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ tí ò ń ṣe, mo kí yàrá tí ò ń sùn, mo sì kí àtẹ̀gùn tí ò ń gùn lójoojúmọ́ kí o tó dé ọ́fíìsì rẹ. O sọ nígbà kan pé ó tó àádọ́rin, nítorí náà mo máa ń ka àádọ́rin nínú àdúrà mi láràárọ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹsẹ̀ rẹ má baà yọ̀ lórí èyíkéyìí. Ẹlẹ́dàá kò ní jẹ́ kí o ṣìnà, kò sì ní jẹ́ kí ọ̀nà ṣì ọ́. Bí o bá bèèrè mi, ara mi le. Òrùlé wa tí ó ń jò ti jáwọ́ nínú jíjò láti ìgbà tí òjò ti jáwọ́ nínú rírọ̀.

Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Mo jókòó, mo dìde, mo ṣí fèrèsé, mo tún padà lọ tì í. Mo ti gbọn eruku orí àga kan náà ní ìgbà mẹ́rin láàárọ̀ yìí, àga náà kò sì ṣẹ̀ mí.

Fóònù tí o rà fún mi ni ó fà á. Láti ìgbà tí mo ti ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí rẹ̀, mo máa ń rí i pé o fà á ní máàkì méjì, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ti í ṣe fún ìdáhùn tí ó tọ̀nà. Nígbà mìíràn wọn a tilẹ̀ di aláwọ̀ búlúù, mo sì gbà pé ìyẹn ni ti iṣẹ́ tí ó dára jù lọ. Ìdí nìyẹn tí n kò fi bínú rí pé o kì í fèsì, nítorí olùkọ́ tí ó ti fún ni ní máàkì kò tún jẹ ni ní ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn, láti ọjọ́ tí mo ti kọ̀wé sí ọ pé mo ń tọ́jú ọmọ ajá kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́, máàkì kan ṣoṣo ni mo ń gbà. Mo tún un kọ. Mo to àmì ohùn sí i bí ó ti yẹ. Mo fi gbólóhùn gígùn kọ ọ́, mo fi kúkúrú kọ ọ́, máàkì kan náà ni. Mo rò ó títí, mo wá rí i pé o kò rẹ́ mi jẹ. Ìdajì òtítọ́ ni mo kọ, ìdajì máàkì náà ni ó tọ́ sí mi. Nítorí náà ni mo ṣe ń fi ọwọ́ kọ gbogbo rẹ̀ báyìí.

Bíríkìlà tí ó ń kọ́ ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni ó rí ọmọ ajá náà nínú kòtò ìpìlẹ̀ tí ó gbẹ́. Ó ti jìn sínú rẹ̀, kò sì lè gun òkè. Ó gbé e wá nínú páànù tí wọ́n fi ń ru yanrìn, ó ní kí n wo ohun tí òun hú jáde nínú ilẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí tíì tí a bu mílíìkì díẹ̀ sí, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ọ̀tún sì ká wọnú bí àmì ìbéèrè. Bíríkìlà ní òun yóò lọ gbé e jù síbì kan tí ó jìnnà. Mo ní kí ó gbé e sílẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé Màmá Akọ̀wé tí kì í jẹ́ kí ewúrẹ́ fẹ̀yìn ti ògiri wọn náà ni. Mo ní òun náà ni, kí ó dá páànù rẹ̀ padà síbi iṣẹ́.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọjọ́ orí rẹ lọ. Yàrá rẹ̀ ń rùn bí oògùn àti irun tútù, tábìlì irin kan sì wà láàárín rẹ̀ tí ó tutù dé bi pé aláìsàn mi gbé ẹsẹ̀ tí kò wọ́ sókè, ó fi èyí tí ó wọ́ dúró. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. O mọ̀ pé ọwọ́ mi kì í gbọ̀n níwájú fọ́ọ̀mù, nítorí yàtọ̀ sí ìwé-ẹ̀rí tí mo gbà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga polí, ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi tẹ̀ wọ́n jáde fún ìjọba. Wọ́n bèèrè ìbátan èmi àti aláìsàn, mo kọ ọ́ pé kò sí, a ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ni. Wọ́n bèèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe, mo kọ ọ́ pé kò tíì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bèèrè bóyá ó ti ṣe ìgbéyàwó, mo kọ ọ́ pé ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó, àti pé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ó wà yìí n kò ní fẹ́ kí a kánjú. Dókítà kà á, ó fi ìwé bo ẹnu fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ṣàlàyé pé ẹni tí ó ni ajá ni wọ́n ń bi ní ìbéèrè, wọn kò bi ajá. Ibi orúkọ aláìsàn nìkan ni mo fi sílẹ̀ ní òfìfo. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ó na ẹsẹ̀ náà, ó fi símẹ́ńtì funfun kan rẹ́ ẹ yíká bí ògiri, ó ní kí n tọ́jú rẹ̀ dáadáa kí n sì padà wá lọ́jọ́ keje. Èmi pẹ̀lú ìmọ̀ mi, mo bi bíríkìlà bí a ti í tọ́jú símẹ́ńtì. Ó ní símẹ́ńtì tuntun tí a kò bá bomi rin láàárọ̀ àti lálẹ́ yóò sán ni dandan. Ọmọ mi, mo bomi rin ín. Mo fi kẹ́tùrù da omi sí i láàárọ̀, mo da omi sí i lálẹ́, mo tún fi àpò tútù bò ó kí oòrùn má baà mú un. Ní ọjọ́ kẹta ó rọ̀ bí búrẹ́dì inú tíì, ó sì bọ́ sílẹ̀ lódindi. Nígbà tí dókítà gbọ́, ó kọ́kọ́ jókòó.

Ó ní, “Màmá, ẹsẹ̀ ni. Kì í ṣe òpó ilé.”

Ó wá fi rúlà onígi mi, èyí tí mo ń lò láti polí, ti ẹsẹ̀ náà, ó fi aṣọ dì í, pé kí a fi ìyẹn rọ́jú ná. Ṣùgbọ́n ó ní eegun rẹ̀ ṣì rọ̀ nísinsìnyí ni, kò sì ní rọ̀ pẹ́. Bí a kò bá tún un rẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí ó ti wọ́ yìí ni yóò ṣe le títí ayé. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó ti ń di aṣọ náà lọ, ó bi mí, kò fi ṣe nǹkan kan, pé ṣé mo ti ní irú ajá báyìí rí. Mo ní rárá.

Ibẹ̀ ni jíjókòó ti di ogun fún mi.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọ́ nígbà tí o gbé tìrẹ wálé. O gbé e sínú aṣọ ilé-ìwé rẹ, orí rẹ̀ nìkan ni ó yọ láàárín bọ́tìnì méjì, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ọ̀tún ni ó sì wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ọ̀gá wa fẹ́ wá kí mi nílé, ìgbéga mi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò fẹ́ kí ó bá ajá arọ nínú pálọ̀ mi. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí o wà ní ilé-ìwé, mo gbé e sínú páálí tí wọ́n fi kó ìwé ìtẹ̀wé wá sí ọ́fíìsì, mo gbé e lọ sẹ́yìn ibi ìlagi, mo gbé e kalẹ̀ lórí òkìtì lẹ́búlẹ́bú igi. Ó rò pé eré ni. N kò wẹ̀yìn.

Nígbà tí o dé, mo sọ fún ọ pé ó sá lọ. O wò mí, o ní, “Màmá, ẹsẹ̀ wo ló fi sáré?”

Mo gbá ọ létí.

Mo dìde níbí yìí. Mo ti lọ gbọn àga náà, mo sì ti padà.

Èyí tí ó burú jù kò tíì dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, o kọ ìkéde sórí ìwé, o ní kí n bá ọ fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo fi kábọ́ọ̀nù sí i, mo tẹ ẹ̀dà mẹ́fà. Mo tún àmì ohùn rẹ ṣe, mo sì fi àmì ìdánudúró sí i níbi tí o gbàgbé rẹ̀. Ohun tí o kọ ni pé: Ajá sọnù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọ́. Kò lè sáré, nítorí náà kò lè tíì jìnnà. Mo sì bá ọ di ìgò gọ́ọ̀mù lọ́wọ́ bí o ti ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri láti òpópónà dé òpópónà, mo mú ọ yí gbogbo ibẹ̀ ká, àfi ọ̀nà ibi ìlagi. Ẹ̀dà kẹfà, tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, ni ó wà nínú àpòòwé yìí. Mo gba ìgbéga náà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e mo padà lọ sẹ́yìn ibi ìlagi. Páálí nìkan ni mo bá.

Láti ọjọ́ náà títí di òní, o kò tún bi mí ní ìbéèrè kankan. Mo ti wá a nínú ìrántí mi bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. O sọ fún mi pé o yege, o sọ fún mi pé o rí iṣẹ́, o sọ fún mi pé o ti kó lọ sí ìlú ńlá. O ń sọ fún mi, o kì í bi mí. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ láàárín èmi àti ìwọ ni n ó dáhùn, bí ó tilẹ̀ pẹ́. Kò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kankan sáré. Ẹsẹ̀ tèmi méjèèjì tí kò wọ́ rárá ni ó fi lọ. Jọ̀wọ́, dárí jì mí.

Ọ̀rọ̀ owó wá kàn. Bí o bá ní i, fi owó símẹ́ńtì funfun ẹ̀ẹ̀kejì rán awakọ̀ tí ó mú lẹ́tà yìí wá, kí ọ̀sẹ̀ méjì náà tó pé. Mo ní owó ní báńkì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wọn ti gba káàdì mi. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri fúnra wọn pé kí a má sọ nọ́ńbà àṣírí wa fún ẹnikẹ́ni, bí ẹ̀rọ náà sì ti bi mí ní tèmi, mo tẹ irọ́ fún un. Ó tún bi mí, mo tún purọ́. Nígbà kẹta ó gbé káàdì náà mì. Mo dúró níwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo ń rò pé ẹ̀rọ pàápàá kì í gba irọ́ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ.

Ọmọ ajá náà ti gbọ́ pé mo fẹ́ parí ọ̀rọ̀. Ó ń fi rúlà gbá ilẹ̀ yí àga mi ká, kò, kò, kò, bí ẹni ń tẹ ìwé. Bíríkìlà ti fún un ní orúkọ márùn-ún, mo sì ti fagi lé márààrún. Ìwọ kò rí àyè sọ ti àkọ́kọ́ lórúkọ, ìwọ ni ó ni àlàfo inú fọ́ọ̀mù náà.

Kí ilẹ̀ tí ò ń tẹ̀ máa gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Kí ẹni tí o bá gbẹ́kẹ̀ lé má fi ọ́ sínú páálí. Kí o bí ọmọ tí yóò máa bi ọ́ ní ìbéèrè, kí Ẹlẹ́dàá sì fún ọ ní ẹnu láti dáhùn.

Mo fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún máàkì. Bí ìdáhùn yìí bá tọ̀nà, fà á kí o sì dá ìwé yìí padà nípasẹ̀ awakọ̀. Bí kò bá tọ̀nà, tún ìbéèrè náà bi mí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.

Ẹ̀dà: kò sí. N kò fi kábọ́ọ̀nù sí èyí.