Kẹ́ẹ̀gì kejì náà ti wú

Ọláwùmí,

Má fọwọ́ kan kẹ́ẹ̀gì bíà ewúro tí o pọn fúnra rẹ, èyí tó kù lẹ́yìnkùlé. Ó ti wú. Láàárọ̀ yìí, Màmá rò pé ẹmu ló wà nínú ìkejì rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tú ìdérí rẹ̀ díẹ̀. Páìpù tí o fi ń da ewúro gbígbẹ sínú rẹ̀ fò yọ, ó bà wọ́n ní ojú ọ̀tún. Mo ní kí o lu ihò tí afẹ́fẹ́ yóò máa gbà jáde, o ní ìtasánsán ewúro á bá a lọ.

Ọsibítù Ìgbògbò la wà; aṣọ Màmá ni mo wá kó nílé. Dókítà ò tíì mọ̀ bóyá ojú náà á ríran. Màmá sọ fún un pé àwọn ṣubú lu àga ni. Èmi sọ òótọ́. Láti ìgbà náà wọn ò dá mi lóhùn. Ìwọ ni wọ́n ń bèèrè. Tètè wá.

Fábíyìí