Ìràwọ̀ Tí Iná Rẹ̀ Kò Ràn

Màmá mi,

Ẹ kú àárò wa o. Ara mi le koko bí ọta, ẹ má wulẹ̀ dààmú.

Ẹ bi mí léèrè iṣẹ́ mi. À ń wá àwọn ohun tó fẹ́ di ìràwọ̀, àmọ́ tí ìwúwo wọn kò tó, tí iná inú wọn kò ràn. A ó tú ìmọ́lẹ̀ wọn sí àwọ̀ àwọ̀ bí òṣùmàrè. Ibi tí àwọ̀ bá ti sọnù la fi ń mọ irú èyí tó jẹ́.

Mo kọ ọ̀kan mọ́ àwọn ìràwọ̀ gidi nínú ìwé wa. Ọ̀gá mi rọra ní, “Ìwọ náà ṣáà rí i pé kì í ṣe ìràwọ̀. Tún un kọ.” Mo ní n ó tún un kọ lọ́la. Ọjọ́ kẹrin rèé, mo kàn wọ kóòtù ọkọ mi jókòó tì í, yìnyín ti bo fèrèsé. Kò sí ẹni tó lè bá a fẹ́ná, Màmá. Ńṣe ni yóò máa tutù lọ.

Súwẹ́tà kékeré tí ẹ̀ ń hun, ẹ má tíì fi ránṣẹ́ o. Ooru ti mú jù níbí.

Ọkọ mi ń kí yín. Ẹ bá mi kí Bàbá, kí ẹ ní kí wọ́n sinmi orúkọ ọmọ tí wọ́n ń wá ná.