Omi Aró Tó Wọ Àkùrọ̀ Yín

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Ẹ kú ìsinmi o. Èmi àbíkẹ́yìn yín ni. Kí ó má yà yín lẹ́nu pé mo ń kọ̀wé: mo ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà nírọ̀lẹ́, tíṣà wa sì ní kí oníkálukú kọ lẹ́tà sí ẹni tó bá wù ú. Àwọn yòókù ń kọ sí ọkọ wọn tó wà ní Kánò. Ẹ̀yin ló wù mí. Nígbà míì tí mo bá wà nídìí ààrò, mo ṣì máa ń retí ikọ́ yín méjì yẹn. Ta tún ni ó ń fi ikọ́ kan ilẹ̀kùn láyé yìí, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin?

Ọ̀rọ̀ àkùrọ̀ tí ẹ fún mi ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kò dára, Bàbá. Tẹ̀tẹ̀ tó máa ń tó mi níbàdí kì í kọjá ọrùn ẹsẹ̀ mọ́, tí etí ewé rẹ̀ á ti gbẹ bí ohun tí wọ́n yan. Tòmáàtì ń tanná, òdòdó ń rẹ̀ dànù. Ojú ilẹ̀ le gbagidi, nǹkan funfun bí iyọ̀ sì máa ń wà lórí rẹ̀ láàárọ̀.

Ìyá ní ilẹ̀ ń ṣọ̀fọ̀ yín ni. Gbogbo agboolé gbà bẹ́ẹ̀. Bí Ìyá bá ti kírun Jímọ̀ tán, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lọ kí ilẹ̀ náà, wọ́n á ní kó mọ́kàn le. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Nígbà fídáù yín, omi ò bọ́ lójú wọn rárá, wọ́n kàn jókòó ni. Ó jọ pé ilẹ̀ yẹn ń bá wọn sunkún ni, ara sì ń tù wọ́n.

Èmi rò pé omi ni kò tó. Ṣé ẹ rántí gọ́tà tí ẹ gbẹ́ láti ẹ̀yìn ilé aró Ìyá wá sí poro ẹ̀fọ́, torí pé omi aró tó ní eérú nínú máa ń mú ẹ̀fọ́ dúdú minimini? Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ni mo bá gbé ọkọ́, mo fẹ gọ́tà náà kí omi lè pọ̀ sí i. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo rẹ̀ ti sùn sílẹ̀. Háà! Gbúre tí ẹnikẹ́ni ò gbìn, òun náà kú.

Ìgbà yẹn ni mo tó bẹ̀rẹ̀, tí mo ki ọwọ́ bọ omi. Ó ń yọ̀ mí lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Bàbá, Ìyá ò sun eérú mọ́. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, oníṣòwò kan kó sódà wá nínú agolo dípò eérú, ó fi sìmẹ́ńtì mọ kòtò aró ńláńlá, ó kó obìnrin jọ síbẹ̀ bíi ti ilé iṣẹ́ òyìnbó. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, aró ti pọ́n, ó ti tó rẹ aṣọ. Ṣùgbọ́n sódà yẹn ń bó àwọn obìnrin lọ́wọ́. Kí ni yóò wá ṣe gbòǹgbò ẹ̀fọ́? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbọ́ òórùn ilẹ̀ kí ẹ tó gbìn, ẹ̀yin ì bá ti tètè mọ̀.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún Ìyá pé kì í ṣe ọ̀fọ̀, pé omi tiwọn ni? Ẹ mọ̀ mí, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá gba ọ̀fọ̀ yẹn lọ́wọ́ wọn, kí ló kù fún wọn? Àfìgbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ pa àgbò, kí wọ́n fi ṣe sàárà nítorí ilẹ̀ náà. N kò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo sọ ọ́ fún wọn lórí ìdúró, nínú oko.

Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n bu ilẹ̀ díẹ̀, wọ́n fi kan ahọ́n, bí wọ́n ṣe máa ń tọ́ omi eérú wò láyé ijọ́un láti mọ̀ bó bá ti kan. Wọ́n tu ú dànù. Ẹnikẹ́ni ò tún ní láti ṣàlàyé.

A ti gbẹ́ kòtò fún omi aró lẹ́yìn ilé. Oníṣòwò ń kùn, kó máa kùn lọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé òjò á kún kòtò náà lọ́jọ́ kan. Mo ti ń kó ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí àkùrọ̀. Bí koríko bá lè hù níbẹ̀, màá tún gbin tẹ̀tẹ̀. Ṣé ilẹ̀ tí sódà bá ti jẹ máa ń padà sípò, Bàbá?

Nígbà tí mo fẹ́ dí gọ́tà yẹn, Ìyá gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má bá àwọn dá sí i. Àwọn nìkan ni wọ́n dí i, láti ilé aró títí dé poro, wọ́n ń pe oríkì yín, wọ́n ń bẹ̀ yín, wọ́n sì ń sunkún. Bàbá, Ìyá sunkún yín lọ́jọ́ náà. Mo dúró tì wọ́n, n kò ní kí wọ́n dákẹ́.

Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tí àárò yín ń sọ.