Ẹsẹ̀ Bàtà Kan Tí Mo Gbé Kúrò Nílé Bàbá

Yàrá Kẹsàn-án,
Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ aṣọ rírán. Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ara tèmi le, àfi àyà mi tó ń já ṣáá. Lójú mi, gbogbo ọmọ kíláàsì wa ló mọ̀wé jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé.

Bàbá ránṣẹ́ pé kí n wá kí àwọn lọ́jọ́ Sunday. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò kọ́kọ́ sọ fún yín. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo rí bàtà gbogbo ará ilé tí wọ́n tò sílẹ̀ lọ́ọ̀dẹ̀. Ìyàwó wọn tuntun di búrọ́ọ̀ṣì mú, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì di àkísà mú.

Màmá, àṣà wa ni! Èyí tí ẹ dá sílẹ̀ nígbà tí èmi àti àbúrò mi ń jà lójoojúmọ́: kí kálukú máa nu bàtà ẹlòmíràn nírọ̀lẹ́ Sunday, kó máa sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún oníbàtà, kí oníbàtà má sì lanu títí bàtà á fi dán.

Bàbá nawọ́ sí mi, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n yín mọ̀ ọ́n dáadáa. Èmi ni mo fi orí ara mi rò ó, kí ìfẹ́ lè wà nínú ilé." Wọn ò tiẹ̀ ṣẹ́jú! Bàbá yìí kan náà tí ẹ máa ń bẹ̀ kí wọ́n jókòó tì wá, tí wọ́n á ní, "Ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di onípólíìṣì ni?"

Ẹ mọ̀ pé mi ò lè sọ̀rọ̀ láwùjọ. Tí olùkọ́ bá pè mí, ṣe ni ohùn mi máa ń sá wọnú. Ṣùgbọ́n inú mi ń hó lọ́jọ́ náà. Mo fa bàtà iṣẹ́ Bàbá, ti ẹsẹ̀ ọ̀tún, sọ́dọ̀. Mo ní, "Bàbá, ìyá mi ló dá àṣà yìí sílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ Sunday lẹ kúrò nílé wa. Bàtà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tán lẹ wọ̀ lọ. Ẹ ò dágbére."

Wọ́n fẹ́ fèsì. Àbíkẹ́yìn ìyàwó náà pariwo: "Ẹ̀n-ẹ́n! Kò tíì dán o! Ẹ má sọ̀rọ̀!"

Màmá, òfin yín dè wọ́n mọ́lẹ̀. Mo wá rọra ń nù ún, bí ẹni tó ń wá ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Mo sọ ti ibà àbúrò mi tí wọn ò bẹ̀ wò. Mo sọ bí ẹ ṣe ń ránṣọ títí ojú yín fi ń ṣe bàìbàì. Ìyàwó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó kọjú sí Bàbá: "Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ìyá wọn ló lé yín jáde?"

Bàtà dán. Mo ní, "Ó yá, ẹ fèsì." Wọ́n kàn gba bàtà lọ́wọ́ mi, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Mo bá ju ti ẹsẹ̀ òsì, tí mi ò tíì nù, sínú báàgì mi, mo dìde. Wọ́n ké tẹ̀lé mi: "Kí ni kí n wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́la?" Mo ní, "Ẹ lọ bi ìyá mi."

Mi ò mọ̀ bóyá mo ṣàṣejù. Ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi, Màmá. Ó dùn mọ́ mi gan-an.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ojú yín ò ní ṣú, ẹ ó jèrè gbogbo aṣọ tí ẹ rán nítorí wa.

Èmi ni àkọ́bí yín,
Jẹ́jẹ́.

Mo tún rántí: Bàtà náà ló wà nínú ọ̀rá tí awakọ̀ gbé fún yín pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ má nù ún kí Bàbá tó wá gbà á. Tí wọ́n bá dé, ẹ fún wọn lága, kí ẹ wá mú àkísà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kánjú.