Obìnrin Tó Tẹ̀ Lé Igi Kérésì Wa Délé

Torben ọkọ mi,

Má jáyà bí o bá bá ìyá àgbà kan nídìí igi Kérésì ní pálọ̀. Gudrun ni orúkọ wọn. Lóko igi láàárọ̀, bí mo ṣe ń rẹ́ igi yìí lápá ọ̀tún, àwọn náà ń rẹ́ ẹ lápá òsì. Igi wó, kò sẹ́ni tó gbà fẹ́nì kan. Wọ́n ní, “Ibi tígi mi bá ń lọ ni mò ń lọ.” Wọ́n bá wọ mọ́tò wa.

Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti sọ pé ọkọ àwọn kú lóṣù kẹfà. Mo ti lọ ra pẹ́pẹ́yẹ kejì. Fún wọn ní kọfí. Bí wọ́n bá ní àwọn ló nigi, gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n sọ pé ó ti wúwo jù láti gbé jáde.

Mette