Tẹ̀ Ẹ́ Díẹ̀ Sí I

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara le? Ṣé ọkọ rẹ àti àwọn ìbejì wà dáadáa, ṣé ikọ́ tó ń yọ èyí àbúrò lẹ́nu ti lọ? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín ní àlàáfíà, kí ó sì bá ìwọ gan-an lórí ìjókòó, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí à ń kà lórí ìdúró.

Má fi ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́, ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn mo yọ̀ ṣubú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn wa, níbi tí wọ́n ti fọ ilẹ̀ tí wọn kò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni, egungun ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi sì dá. Wọ́n ti fi pí-ó-pí dì í láti ìka dé ìgùnpá. Ọwọ́ òsì yìí lè jẹun, ó lè kọ̀wé ràkọ̀ràkọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n kò mọ iṣẹ́ sikáànù, ẹ̀rọ tí mo fi ń wo inú ara aláìsàn, rárá.

Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí àyà rẹ má já, ó wà láàyè, ó sì ń jẹun. Ẹsẹ̀ òsì tó ń dùn ún láti ọdún tó kọjá, tó ní àárẹ̀ lásán ni, kì í ṣe àárẹ̀. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ náà ló ti dí. Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, dókítà oníṣẹ́ abẹ yọ iṣan kan ní itan rẹ̀, ó rán an mọ́ ẹsẹ̀ náà kí ẹ̀jẹ̀ lè rí ọ̀nà tuntun gbà. Abẹ́ awọ báyìí ni iṣan náà wà. Ẹ̀gbọ́n wa ní ó rí bí okùn inú etí ṣòkòtò. O mọ̀ pé télọ̀ kò ní àfiwé méjì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ náà tutù. Ó wú tó bẹ́ẹ̀ tí dókítà fi ìka wá ibi tí iṣan ti ń lù, kò rí i. Ó sọ ọ́ fún wa láìfi ọ̀rọ̀ pa mọ́ pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ń kọjá, a ó dúró kí wíwú náà wálẹ̀. Bí kò bá kọjá, òun kò ní iṣan mìíràn tí òun lè lò mọ́, lábẹ́ orúnkún ni òun yóò ti gé e ní ọ̀sán ọjọ́ náà, kí ó tó jẹrà gòkè. Sikáànù ni yóò sọ. Ẹ̀gbọ́n wa, tó ti fi ẹsẹ̀ méjèèjì wa ẹ̀rọ ìránṣọ fún ogójì ọdún, bi í bóyá ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ kan wà á.

Kò sí ẹni tí yóò ṣe sikáànù náà. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti rin ìrìn àjò. Nọ́ọ̀sì tuntun kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, tí kò tíì lò ju oṣù méjì lọ, nìkan ló kù. Mo fi ọwọ́ kọ́rùn lọ sí yàrá sikáànù, mo jókòó ti ẹ̀rọ, mo ní kí òun máa fi ọwọ́ ṣe é, kí èmi máa fi ẹnu sọ ọ́.

Ìwọ náà rántí bí iṣẹ́ yìí ṣe rí, o ti lo oṣù mẹ́jọ ní yàrá yẹn rí. Bí orí ẹ̀rọ tí à ń gbé lé ara bá dúró ṣánṣán lórí iṣan, ẹ̀rọ kò ní gbọ́ ẹ̀jẹ̀ dáadáa, bí ẹ̀jẹ̀ tilẹ̀ ń sáré. Ó gbọ́dọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ó kọjú sí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, kí a tó lè wọn bó ṣe ń yára tó. Mo gbọ́ ẹ̀jẹ̀ náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mo mọ̀ pé ó dúró ṣánṣán jù ni. Mo ní kí nọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Dípò kí ìró náà gòkè, ó lọ sílẹ̀. Mo ní kí ó tẹ̀ ẹ́ sí i. Ó tún lọ sílẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ dákẹ́ pátápátá, mo rò pé iṣan náà ti dí lójú wa.

Dókítà wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó bi mí pé, “Kò sí?” Èmi náà ní, “Kò sí.” Ó gbé fóònù, ó ní kí wọ́n tún yàrá iṣẹ́ abẹ ṣe. Wọ́n gbé ìwé wá fún ẹ̀gbọ́n wa pé kí ó fọwọ́ sí i pé òun gbà kí wọ́n gé ẹsẹ̀ òun. Mo ṣì tẹjú mọ́ ẹ̀rọ, bí mo ṣe máa ń kọ́ gbogbo yín pé ojú ẹ̀rọ ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe ọwọ́ yín.

Ẹ̀gbọ́n wa gba bírò, kò kọ nǹkan kan. Ó kọjú sí nọ́ọ̀sì náà, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé aṣọ lò ń lọ̀ lórí ẹsẹ̀ mi ni?”

Ìgbà yẹn ni mo tó wo ọwọ́ ọmọbìnrin náà. Orí ẹ̀rọ ti wọ inú ẹran ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n wa, ó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ tì í mọ́lẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní, “Ẹ ní kí n tẹ̀ ẹ́, mà. Mo sì ń tẹ̀ ẹ́.”

Àbúrò mi, mo ń sọ tẹ̀ bí ẹni ń tẹ wáyà kí ó wọ́, òun sì gbọ́ tẹ̀ bí ẹni ń tẹ bọ́tìnnì. Èmi ni mo pàṣẹ, òun sì fi ọwọ́ rẹ̀ pa iṣan tó wà lábẹ́ awọ náà dé. Mo ní kí ó gbé ọwọ́ sókè títí yóò fi kan jẹ́ẹ̀lì tí a fi pa awọ nìkan, kí ó wá jẹ́ kí orí ẹ̀rọ náà fì sọ́nà ọmọ-ìka ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún, hùù, hùù, ó gba gbogbo yàrá kan. Dókítà tún pe yàrá iṣẹ́ abẹ, ó ní kí wọ́n má ṣe yọ ara wọn lẹ́nu mọ́. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹsẹ̀ náà ti gbóná, ẹ̀gbọ́n wa sì fi í dúró lánàá.

Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà kò gbẹ kí n tó rántí rẹ. Ọdún méje sẹ́yìn, ní yàrá kan náà, o sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe ní kí n tẹ̀ ẹ́.” Mo ní olóríkunkun ni ọ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ọwọ́ rẹ wúwo, pé o kò yẹ fún iṣẹ́ yìí, ìwé yẹn ni wọ́n sì fi lé ọ lọ. Láti ìgbà náà ni o ti ń ta búrẹ́dì, o kò sì bá mi jà rí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo mọ̀. Síbẹ̀ mo bẹ̀ ọ́.

Mo ti lọ bá ọ̀gá wa. Mo ti kọ ìwé mìíràn, mo ní ọwọ́ rẹ kò ní àléébù kan, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló ní. Àyè wà fún ọ láàárín àwọn tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù tó ń bọ̀, bí o bá ṣì fẹ́ ẹ. Bí o kò bá sì fẹ́ rí yàrá yẹn mọ́ láyé, o kò jẹ̀bi. A tún ti ń wá àwọn aláìsàn tí àwọn tí mo kọ́ yẹ̀ wò, tí a ní ẹ̀jẹ̀ wọn kò kọjá. Wọ́n jẹ́ mọ́kànlá. Ẹ̀rù ohun tí n ó rí ń bà mí.

Ọlọ́run yóò wo àwọn ìbejì dàgbà. Yóò fún ọ ní ìsinmi ọkàn, ohun tí mo fi ẹnu mi bà jẹ́ kò ní bàjẹ́ títí lọ.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin tó ṣẹ̀ ọ́.

Mo gbàgbé: ẹ̀gbọ́n wa bi mí ìdí tí mo fi sunkún tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dún. Mo ní ayọ̀ ni. N ó sọ ìyókù fún un lọ́jọ́ Àìkú, lójú ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí pé ìṣojú wọn náà ni mo ti pè ọ́ ní olóríkunkun.