Fáànù Mẹ́fà fún Àpótí Kan Ṣoṣo

Faruk, Àjàní ọmọ mi,

Kí ìwé yìí bá ọ ní àlàáfíà ní Port Harcourt, kí ó bá Ibinabo ìyàwó rẹ lórí ìdúró, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ rí ohun tó ju agbára yín lọ. Mo kí kọ̀ǹpútà rẹ náà. Ṣé ara ti tù ú? Ṣé ooru ò mú un mọ́? Ǹ bá pè ọ́ lórí fóònù, àmọ́ nígbàkígbà tí mo bá pè, ariwo fáànù ni mò ń gbọ́, n kì í gbọ́ ohùn rẹ.

Nílé níbí, a dúpẹ́. Ewúrẹ́ mi dúdú bí ìbejì, ọ̀kan jọ ìyá rẹ̀, èkejì ò jọ ẹnikẹ́ni tí a mọ̀ ládùúgbò. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ ló ṣì wú. Wọn ò lè dé oko mọ́, abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́. Dókítà ní kí a má jẹ́ kí ooru máa mú wọn jù, torí náà mo ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn, bí ọwọ́ ọ̀tún bá rẹ̀ mí, mo gbé e fún ọwọ́ òsì.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo wá kí yín nílé yín ní Mile 3. Mo bá ọ níbi tí o ti ń to kọ̀ǹpútà fúnra rẹ sínú àpótí kan, o sì de fáànù mẹ́fà mọ́ ọn lára. O fi sùúrù ṣàlàyé fún mi pé àwọn ti iwájú ń fa atẹ́gùn wọlé, ti ẹ̀yìn ń tì í jáde, àti pé fáànù oníwáyà mẹ́rin dára ju oníwáyà mẹ́ta lọ, torí wáyà kẹrin ló ń sọ ìgbà tó yẹ kó sáré àti ìgbà tó yẹ kó rọra fún un. Mo ní háà. Mo wá wo yàrá tí ìwọ àti ìyàwó rẹ ń sùn, fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ògiri ilé kejì ló sì kọjú sí. Nígbà tí wọ́n mú iná lọ, o sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀, mo rò pé nítorí tèmi ni. Mo ti ń ṣàdúrà fún ọ kí n tó rí i pé àpótí nìkan lo so wáyà mọ́, a sì jọ jókòó, à ń làágùn, à ń wo nǹkan tí kò làágùn.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi kò ju pé mo fẹ́ bá ọ tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan jẹ́ gíláàsì, gbogbo ìfun rẹ̀ hàn síta, iná pupa àti iná aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀. Mo ní irú ìhòòhò wo nìyí nínú ilé tí àlejò ń wọ̀? Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tí a ti ra tẹlifíṣọ̀n, kò sí ọjọ́ tí aṣọ kò sí lórí rẹ̀. Nígbà tí o lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, tí o fi í sílẹ̀ ní títàn, mo mú aṣọ tí mo fi òwú funfun hun fún Ibinabo, mo dà á bo kọ̀ǹpútà náà, mo ki etí aṣọ sí abẹ́ rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e. Kò pẹ́ tó fi ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Mo rò pé oorun ló ń hun, pé ibi tó móoru ló tẹ́ ẹ lọ́rùn, mo tún fi ìborùn mi kún un.

Nígbà tí o fi ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti kú tìì. O pariwo mọ́ mi lójú ìyàwó rẹ pé mo fẹ́ pa á. Ibinabo ló ń bẹ̀ mí pé Mama abeg, no vex. Faruk, inú bí mi, ó ṣì ń bí mi. Aṣọ ni mo fi bo ìwọ náà lọ́jọ́ tí mo bí ọ, kò sẹ́ni tó ní mo fẹ́ pa ọ́.

O tún wá pè pé o ò ní lè wálé ṣe Iléyá, torí o ń dúró de pátákó kékeré kan tí gbogbo fáànù náà máa so mọ́, tí yóò máa darí wọn. Mo jíṣẹ́ fún bàbá rẹ. Wọ́n ní kò burú. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ti sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá lábẹ́ máńgòrò pé èjìká rẹ ni àwọn máa dì mú dé yídì lọ́dún yìí.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. O ní nǹkan kan wà nínú àpótí yẹn tó máa ń mọ̀ tí ara rẹ̀ bá ń gbóná, tí yóò sì sọ fún fáànù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè. Bá mi ra irú rẹ̀ fún bàbá rẹ, torí wọn kì í sọ. Tí ẹsẹ̀ bá ń dùn wọ́n, wọ́n á ní ó ti dín. Tí mo bá ní ṣé àárò Faruk ń sọ wọ́n, wọ́n á ní kí n má yọ ọmọ lẹ́nu. Àmọ́ gbogbo ọkọ̀ tó bá dúró lójú títì ni wọ́n ń na ọrùn wò.

Owó Iléyá tí o ní o máa fi ránṣẹ́, má fi ránṣẹ́. Fi wọkọ̀ wálé. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà, á fún ọ ní ọmọ tìrẹ, ọmọ náà kò sì ní to kọ̀ǹpútà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Memunat